Géèmù ń fà lórí kọ̀ǹpútà 2011, FPS 11 péré: kí ni mo lè ṣe kí n tó ronú òmíràn?

Ọmọ Akábà (Kétu), ọjọ́ Ẹtì, aago 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá, ó ti sú mi pátápátá.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Pùròsẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ tó ń ronú fún un) ni Core i5-2520M, RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4 GB ẹyọ kan, háàdì (ibi ìkópamọ́) 320 GB, Intel HD Graphics 3000 ló ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Àlòkù ni, ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi rà á ní Kútọnu lára àwọn tó ń ti Yúróòpù bọ̀. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, ti èdè Faransé. Iṣẹ́ ilé-ìwé ni mo fi ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ìsinmi bá dé, èmi àti àwọn àbúrò mi a máa gbá PES 2013, géèmù bọ́ọ̀lù, lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbà á, bọ́ọ̀lù ń lọ geere. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń rìn bí ẹni tó kó sẹ́rẹ̀. Bí o bá gbá bọ́ọ̀lù sókè, ìwọ fúnra rẹ á ti gbé ojú kúrò kó tó balẹ̀. Mo fi Fraps, ohun èlò tó ń ka FPS (iye àwòrán tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), wò ó: nọ́ḿbà ofeefee igun òkè yẹn kò kúrò ní 11 sí 13. Mo dín ìwọ̀n àwòrán kù láti 1366×768 sí 800×600, mo fi gbogbo ẹwà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. 11 náà ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tà á. Bí mo bá tà á, owó tí n óò fi kún un kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyálé Ẹ̀rọ (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Ẹtì, aago 9:40 alẹ́

Ọmọ Akábà, pẹ̀lẹ́. Má tíì tà á.

Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́bàá ọjà Wàǹdó. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nínú wọn. Bí ọyẹ́ bá ti lọ tán lọ́dọọdún ni mo máa ń ṣí wọn. Lọ́dún tó kọjá, èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, eruku tó kó sáàárín fáànù àti irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó ń lé ooru jáde ti ki bí òwú inú tìmùtìmù. Mo fi ẹ̀mú fà á, ó jáde lódidi, àfi bí aṣọ.

Bí ooru bá pọ̀ jù, pùròsẹ́sọ̀ á dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Géèmù á wá máa wọ́. Ṣí i, nù ún, kí o tó ná kọ́bọ̀.

Ẹ̀yìn Odi (Pọ́bẹ̀), ọjọ́ Ẹtì, aago 10:05 alẹ́

RAM 4 GB kò tó fún Windows 10 àti géèmù pọ̀. Fi 4 GB mìíràn kún un. Windows 10 náà, Microsoft ti dá àtúnṣe ààbò tó ń fún gbogbo ènìyàn dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Tèmi ni pé kí o yọ ọ́, kí o fi Linux, ètò mìíràn tó ń rọ́pò Windows, sí i, á fúyẹ́.

Ará Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́), ọjọ́ Ẹtì, aago 10:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀yìn Odi, Linux ni èmi náà ń lò, n kò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún géèmù Windows lórí HD 3000, ọ̀nà rẹ̀ há. Proton tí Steam (ilé ìtajà géèmù) fi ń gbé géèmù Windows sórí Linux, ṣe ló máa ń sọ iṣẹ́ Direct3D, èdè tí géèmù Windows fi ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀, di ti Vulkan, èdè mìíràn, HD 3000 kò sì mọ Vulkan rárá. Èdè OpenGL nìkan ló kù tí Wine, ohun èlò tó ń gbé ètò Windows sórí Linux, lè bá a sọ, PES á sì tún wúwo síi. Fún ìwé kíkọ àti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tọ̀nà. Fún bọ́ọ̀lù yìí, kó fi Windows sílẹ̀ ná.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Ọmọ Akábà tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti ìwọ̀n àwòrán tó dín kù yẹn. 1366×768 jẹ́ píksẹ̀lì 1 049 088. 800×600 jẹ́ 480 000, kò tó ìdajì. Bó bá jẹ́ pé káàdì àwòrán ni iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, tí a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ju ìdajì lọ, ó yẹ kó mí. Kò mí. Ó dúró sí 11. Ó jọ pé kì í ṣe káàdì àwòrán ló ń dá géèmù dúró.

Ọmọ Akábà (Kétu), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ìyálé Ẹ̀rọ, mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo tú ìdè mẹ́sàn-án lábẹ́ rẹ̀, mo yọ fáànù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun gbá irin yẹn. Eruku wà níbẹ̀ lóòótọ́, pupa bí ilẹ̀ Kétu, ṣùgbọ́n kò ki bí èyí tí ẹ sọ. Mo dé e padà. Mo gbá ìdíje kan.

12.

Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín.

Atúnrọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:02 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, ó ti lé ní ogún ọdún. Àbúrò, má rẹ̀wẹ̀sì. Ará Òkè ti di ìdí ọ̀rọ̀ mú, ẹ jẹ́ ká fà á jáde.

Ẹni méjì ló ń ṣiṣẹ́ géèmù. Pùròsẹ́sọ̀ ló ń ronú: ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ẹni tí yóò sáré lé e, igun tí adájọ́ dúró sí. Káàdì àwòrán ló ń kùn ún sójú gíláàsì. Ẹni tó bá lọ́ra jù nínú wọn ni èkejì ń dúró dè. Kí o tó rí FPS 60, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ parí àwòrán kan láàárín mílísẹ́kọ́ndì 16,7. Ní 11, ó ń gbà wọ́n tó 91. Ohun tó ń jẹ àkókò tó tó báyìí kì í fara pamọ́ bí o bá wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, má ra nǹkan kan. Má tún yí nǹkan kan padà. Gbé nọ́ḿbà mẹ́ta wá fún mi nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. Gba HWiNFO wálẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí o ka ooru pùròsẹ́sọ̀. Lẹ́yìn náà tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Gestionnaire des tâches ṣí, bọ́ sí Performance, kí o kọ ohun tó wà níwájú Utilisation (bí pùròsẹ́sọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó) àti Vitesse (eré rẹ̀) sílẹ̀.

Ọmọ Akábà (Kétu), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:47 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo rí rèé lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún tí bọ́ọ̀lù ti ń lọ:

Ooru: 49 °C.
Utilisation: 24 %, kò kọjá 30 rí.
Vitesse: 0,79 GHz.

Mo rò pé ìyẹn dára, àbí? Pùròsẹ́sọ̀ kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ púpọ̀.

Atúnrọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:15 alẹ́

Kò dára rárá, àbúrò. Ibẹ̀ gan-an ni àrùn wà.

i5-2520M, eré tí a bí mọ́ ọn ni 2,5 GHz, bí iṣẹ́ bá le ó lè sáré dé 3,2. Tìrẹ dúró sí 0,79. Ìyẹn ni ìsàlẹ̀ pátápátá, eré tó máa ń sá nígbà tí o bá fi í sílẹ̀ tí o lọ jẹun. Ó wá ń fi eré yẹn gbá bọ́ọ̀lù.

Má sì jẹ́ kí 24 % yẹn tàn ọ́ jẹ. Gestionnaire ń ṣírò rẹ̀ lórí 2,5 GHz. Bí pùròsẹ́sọ̀ bá há sí 0,79, kódà kó lo gbogbo agbára tó kù fún un, 31 tàbí 32 ni yóò fi hàn. Àwọn ènìyàn púpọ̀ á rí 30, wọ́n á ní pùròsẹ́sọ̀ ń sinmi, wọ́n á lọ ra RAM. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, owó wọn ló máa ń dùn mí.

49 °C sì fi hàn pé kì í ṣe ooru ló dè é. Ìyálé kò ṣìnà, ooru máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ooru, 90 àti jù bẹ́ẹ̀ lo máa rí. Kọ̀ǹpútà tó tutù tó sì ń rìn jẹ́jẹ́, ẹnìkan ló ní kó máa rìn jẹ́jẹ́.

Dá mi lóhùn: nínú Options d'alimentation (ìlànà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo iná), èwo lo yàn? Bátìrì rẹ ń gba iná? Ṣájà tó bá a wá láti Yúróòpù náà lo ṣì ń lò? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kankan máa ń jáde lójú dúdú kí Windows tó wọlé?

Ọmọ Akábà (Kétu), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:58 alẹ́

Performances élevées (eré tó ga jù) ni mo yàn, ó ti pẹ́. Mo tún ti gbìyànjú Utilisation normale, 0,79 náà ni.

Bátìrì kò gba iná mọ́. A rò pé ó ti kú ni, torí bí a bá yọ okùn, kọ̀ǹpútà á paná.

Ṣájà àkọ́kọ́, eku ló gé okùn rẹ̀ jẹ. A ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ó bá ihò rẹ̀ mu, iná sì ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ ojú dúdú yẹn, ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó máa ń jáde ní gbogbo àárọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé wa. Àbúrò mi ló rí i pé bí a bá tẹ F1 á kọjá lọ, láti ìgbà yẹn la ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo ti lọ tan kọ̀ǹpútà báyìí kí n lè dà á kọ: ó ní òun kò mọ irú ṣájà tí a fi sí òun lára. Íntánẹ́ẹ̀tì ló bá mi túmọ̀ rẹ̀.

Atúnrọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:20 alẹ́

Ó ti tán. Kọ̀ǹpútà ti ń sọ ohun tó ń ṣe é fún yín ní gbogbo àárọ̀ láti oṣù mẹ́ta, èdè ni kò jọ.

Gbé orí ṣájà yẹn sábẹ́ iná, wo àárín rẹ̀. Irú kọ̀ǹpútà tìrẹ, orí ṣájà rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kan láàárín ihò, kò nípọn ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Iná kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ ló ń gba ibẹ̀: abẹ́rẹ́ yẹn ni ṣájà fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, èmi ni wáàtì 65, tàbí èmi ni 90. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, tàbí tó bá tẹ̀, tàbí tí ṣájà bá jẹ́ ayédèrú tí kò ní ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú, kọ̀ǹpútà kò ní mọ iye tó lè gbà. Kí ló máa ṣe? Á ṣọ́ra. Á ní bátìrì kò gbọdọ̀ gba iná, á sì de pùròsẹ́sọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, kó má baà fa iná ju ohun tí ṣájà lè gbé lọ.

Bátìrì rẹ tí ẹ pè ní òkú, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà láàyè.

Ọmọ Akábà (Kétu), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:41 alẹ́

Mo ti wò ó pẹ̀lú iná tẹlifóònù. Abẹ́rẹ́ náà wà, ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ara irin. Bí mo ṣe ń gbé e díẹ̀díẹ̀ kó lè nàró, ó ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn Odi (Pọ́bẹ̀), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 11:03 alẹ́

Ọ̀nà kan wà láìra ṣájà. ThrottleStop ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni. Àpótí kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ BD PROCHOT sí. Yọ àmì tó wà nínú rẹ̀, pùròsẹ́sọ̀ á bọ́ nínú ìdè, á padà sí 2,5 lójú ẹsẹ̀. Mo ti ṣe é fún ẹnìkan ní Pọ́bẹ̀ níbí, ó sì ń lò ó dòní.

Atúnrọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Àìkú, aago 7:30 àárọ̀

Ẹ̀yìn Odi, òótọ́ lo sọ pé ó máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba àbúrò yìí nímọ̀ràn rẹ̀, n óò sì sọ ìdí rẹ̀.

BD PROCHOT ni ọ̀nà tí àwọn ẹ̀yà mìíràn lára kọ̀ǹpútà fi ń ké sí pùròsẹ́sọ̀ pé kó rọra. Bó o bá di ọ̀nà yẹn, kọ̀ǹpútà ò ní gbọ́ igbe mọ́. Ṣájà tí ẹnikẹ́ni ò mọ wáàtì rẹ̀, tí a rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, o wá ní kí pùròsẹ́sọ̀ máa fa iná bó ṣe wù ú nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, àwọn ọmọdé sì jókòó yí i ká. Bó bá jẹ́ pé a mọ̀ dájú pé ṣájà náà lágbára, tó jẹ́ pé ihò inú kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́, ìyẹn yàtọ̀, mo ti lo ThrottleStop báyẹn rí kí oníbàárà lè parí iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Akábà, wá ẹni tó ní irú kọ̀ǹpútà yẹn, yá ṣájà rẹ̀ fún wákàtí kan péré. Ká mọ̀ dájú kó o tó ná owó.

Ìyálé Ẹ̀rọ (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Àìkú, aago 8:11 àárọ̀

Mo fara mọ́ ọn. Ṣájà kan yọ́ sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù mi rí, òórùn rẹ̀ kò kúrò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run ló ní kí n wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn Odi (Pọ́bẹ̀), ọjọ́ Àìkú, aago 8:25 àárọ̀

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. N óò lọ wo ṣájà ẹni tí mo ṣe é fún náà lónìí.

Ọmọ Akábà (Kétu), ọjọ́ Àìkú, aago 5:50 ìrọ̀lẹ́

ẸKÚ IṢẸ́ O!

Olùkọ́ wa kan yá mi ní ṣájà rẹ̀, wáàtì 90. Mo ki í bọ̀ ọ́, mo tan kọ̀ǹpútà, ojú dúdú yẹn kò sọ nǹkan kan. Ó wọlé tààrà. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ bátìrì tàn, bátìrì ń gba iná! Vitesse: 3,0 GHz. Mo ṣí PES, mo dá ìwọ̀n rẹ̀ padà sí 1366×768, ẹwà àárín. Fraps kọ 41.

Àbúrò mi kékeré pariwo tí àwọn ará ilé fi wá wò wá.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà. Lẹ́yìn bí ìdíje méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó bọ́ sí 22, ó gòkè sí 35, ó tún bọ́. Fáànù ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta. HWiNFO kọ 96 °C.

Atúnrọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Àìkú, aago 6:14 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ Ìyálé ló wá kàn báyìí. Nígbà tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, kò sáré, kò làágùn. Ó ti ń sáré báyìí, a wá rí i pé kò lè mí dáadáa. Ìyálé, ẹ bá wa sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ lọ́wọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ìyálé Ẹ̀rọ (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Àìkú, aago 7:40 alẹ́

Búrọ́ọ̀ṣì tí o fi gbá a dára, ṣùgbọ́n kò débi tó yẹ. Láàárín pùròsẹ́sọ̀ àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀, ìpara kan wà níbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní pâte thermique. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dí àwọn àlàfo tíntìntín tí ojú kò lè rí, torí afẹ́fẹ́ inú àlàfo yẹn kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Láti 2011, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé èyí tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ó ti gbẹ, ó ti dà bí ẹfun.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é: yọ okùn, yọ bátìrì. Tú àwọn ìdè irin ooru náà. Wọ́n kọ nọ́ḿbà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, 1, 2, 3, 4. Bí o bá ń dè é padà, bẹ̀rẹ̀ láti 1, má sì de ẹyọ kan mọ́lẹ̀ pátápátá kí o tó kan èkejì, de gbogbo wọn díẹ̀díẹ̀ kí irin lè jókòó dọ́gba. Fi òwú àti álíkọ́ọ̀lù nu ìpara àtijọ́ kúrò lójú méjèèjì títí yóò fi dán tí o lè rí ojú ara rẹ nínú rẹ̀. Ìpara tuntun, bí ẹyọ ìrẹsì kan ti tó. Má fi ìka tẹ́ ẹ, irin fúnra rẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Àwọn tó ń kó o bí ọ̀rí, ṣe ni wọ́n ń dí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ là.

Bí o bá ń gbá eruku, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dá fáànù dúró kó má yí. Kí afẹ́fẹ́ tí o ń fẹ́ sí i má sọ ọ́ di òòyì.

Ohun kejì tí kò náni lówó: má gbé e sórí ìbùsùn gbá bọ́ọ̀lù. Abẹ́ rẹ̀ ló ti ń mí.

Ọmọ Ọ̀sà (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Ajé, aago 1:05 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni tèmi, i5 ìran kẹta, kò ní káàdì àwòrán ọ̀tọ̀. Ẹnìkan fẹ́ ta káàdì àwòrán GT 1030 fún mi, ó ní kò nílò okùn iná mìíràn. Ṣé kí n rà á?

Atúnrọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Ajé, aago 2:18 ọ̀sán

Òótọ́ ni pé kò nílò okùn, iná tó ń gbà láti ojú ihò rẹ̀ tó o, wáàtì 30 péré ni. Ṣùgbọ́n GT 1030 méjì ló wà lọ́jà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Èyí tó jáde lọ́dún 2017 ní mẹ́mọ̀rì GDDR5, ó ń kó GB 48 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2018 ní DDR4, GB 16,8 péré ló ń kó. Nínú géèmù, àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́. Kí o tó san owó, ní kó fi í sínú kọ̀ǹpútà kan, kí o ṣí GPU-Z, kí o fojú ara rẹ ka Memory Type. Bó bá jẹ́ DDR4, dá a padà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ará Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́), ọjọ́ Ajé, aago 8:30 alẹ́

Ọmọ Akábà, o ní àwọn àbúrò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń gbá Minecraft lórí rẹ̀, ibi kan wà tí kò sẹ́ni tó máa ń wò: Distance d'affichage. Ayé Minecraft pín sí ègé búlọ́ọ̀kù 16 sí 16, chunk ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí o bá fi í sí 12, chunk 12 ni kọ̀ǹpútà ń gbé jáde sí iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì: 25 lọ́nà 25, ó di 625. Bí o bá dín in sí 6, 13 lọ́nà 13 ni, 169. O rò pé o dín in sí ìdajì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kù kò tó ìdá mẹ́ta. Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ odi ìlú kan níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, orí kọ̀ǹpútà tó dàgbà jù ú lọ ló ti ń kọ́ ọ. 7 ni mo fi sí fún un, kò tíì ráhùn rí.

Ọmọ Akábà (Kétu), ọjọ́ Rú, aago 6:45 ìrọ̀lẹ́

Mo ti pààrọ̀ ìpara náà. Bí ẹfun ló rí lóòótọ́, ó ń ṣẹ́ lọ́wọ́. Ní báyìí, wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí PES, ooru kò kọjá 81, FPS sì dúró ní 40 gbọn-in.

Mo ti ra ṣájà wáàtì 90 àlòkù. Kí n tó sanwó, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀, mo tàn án lójú ẹni tó ń tà á, mo dúró títí Windows fi wọlé láìsí ọ̀rọ̀ ojú dúdú yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀yìn Odi, ó kan RAM tí ẹ sọ. Owó díẹ̀ kù lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n lọ síbẹ̀, àbí SSD (ibi ìkópamọ́ tó yára ju háàdì lọ) ni kí n rà?

Atúnrọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Rú, aago 8:00 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bá a dáhùn. SSD á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè jí, géèmù á tètè ṣí, àwọn ìdúró òjijì tó máa ń wáyé nígbà tó ń wá nǹkan nínú háàdì á dín kù. Kò ní sọ 40 di 50.

RAM yẹn ni. Kì í ṣe nítorí pé 4 GB kéré nìkan. HD 3000 kò ní mẹ́mọ̀rì tirẹ̀, inú RAM ló ti ń bu gbogbo ohun tó ń kùn. RAM ẹyọ kan, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní: DDR3-1333 ń gbé GB 10,6 kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá di ẹyọ méjì tó jọ ara wọn, ọ̀nà á di méjì, 21,3. Omi tí a ń fi kèrègbè kan pọn tẹ́lẹ̀, a wá ń fi méjì pọn ọ́n.

DDR3 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni kí o béèrè, eyín rẹ̀ jẹ́ 204. Wọ́n lè gbé DDR4 fún ọ, má fi agbára tì í, kò ní wọlé. 1,5 V ni ìran tìrẹ ń lò. DDR3L 1,35 V tí wọ́n kọ PC3L sí lára, púpọ̀ nínú wọn ló ń gba 1,5 náà, nítorí náà kò burú. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá jẹ́ ìran kẹrin ni kó ṣọ́ra, ti ibẹ̀ yẹn 1,35 ló fẹ́.

Ohun kan tí mo gbàgbé: má lọ wá dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ káàdì àwòrán lò) Windows 10 tuntun fún HD 3000 yẹn lórí ojú òpó èyíkéyìí. Intel kò ṣe é. Èyí tí Windows Update fi sí i náà ni ó gbẹ̀yìn. Bí o bá sì tún Windows fi sí i lọ́jọ́ kan tí géèmù kọ̀ jálẹ̀, wo Gestionnaire de périphériques: bí o bá rí Carte graphique de base Microsoft níbẹ̀, dráífà kò tíì wọlé nìyẹn.

Ọmọ Akábà (Kétu), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:20 alẹ́

RAM ti wọlé, 8 GB, ẹyọ méjì. Fraps kọ 53 lórí pápá tó kún fún èrò, bí òjò kò bá rọ̀ nínú géèmù á dé 60. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kí n tà. Ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí, Ọlọ́run á bá mi san oore yín. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ojú dúdú yẹn sínú ìwé pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́bàá tábìlì, kí àwọn àbúrò mi má tún tẹ F1 kọjá bó bá padà wá.

Ìyálé Ẹ̀rọ (Àjàṣẹ́), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:34 alẹ́

Ó mà dùn mọ́ mi o. Ṣájà tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri yẹn ńkọ́, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣẹ́? Má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e lọ lò.

Ọmọ Akábà (Kétu), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:36 alẹ́

Mo ti gé okùn rẹ̀ sí méjì, mà.